Ẹ Má Fi Lẹ́tà Àyẹ̀wò Orí Ọmọ Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Fòníkú-fọ̀ladìde

Àìsàn tí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àlejò nínú ilé Yorùbá. Àwọn àgbà ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ọmọ lè wó lulẹ̀ lónìí bí ẹni tí kò ní rí ọ̀la, kí ó sì tún dìde lọ́la kí ó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ní ọsibítù, sickle cell ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in láyé àtijọ́ ni a pè ní àbíkú, tí a fi abẹ sí lára lẹ́yìn ikú, tí a sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá.

Ohun tó mú wa kọ̀wé rèé. Ìyá kan wá sí tábìlì ìmọ̀ràn wa pẹ̀lú àpò ọ̀rá tó kún fún lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ owó iná ló bá wá. Bí a ti ń tú àpò náà, a rí lẹ́tà ọsibítù méjì tí kò tíì já, àti ẹ̀kẹta tó sọ pé bí ọmọ rẹ̀ kò bá tún wá, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á dá a padà sọ́dọ̀ GP. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, SS sì ni. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àǹtí, ọmọ yẹn le koko o. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá látàárọ̀ dalẹ́. Ṣé kí n wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé wọ́n fẹ́ wo orí tí kò fọ́?"

Mi ò bá a wí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, ọjọ́ tí kò bá lọ, kò sówó. Ṣùgbọ́n mo ní kó jókòó, mo sì sọ ohun tí àyẹ̀wò náà wà fún. Ohun tí mo sọ fún un nìyí, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tí àwọn ènìyàn ń bi wá.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń WO ORÍ?

Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni AA rí roboto, ó sì rọ̀, ó lè fún ara rẹ̀ kọjá níbi tó há jù lọ. Ti ẹni SS kò rí bẹ́ẹ̀. Bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá dínkù, á le, á sì tẹ̀ bíi dòjé, kò ní lè kọjá mọ́. Ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ eegun, ẹ̀yìn tàbí àyà. Èyí gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ náà lè máa há díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora kankan. Ọmọ á máa ṣeré, á máa jẹun, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ á wọ́ sápá kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní lè gbé ṣíbí. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní stroke. A máa ń rò pé àgbàlagbà ẹlẹ́jẹ̀ ríru nìkan ló ń ṣe. Kí àyẹ̀wò yìí tó dé, nínú ọmọ SS 100, nǹkan bí 11 ló ń ní in kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún.

Ẹ wo rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò fún ẹnu rẹ̀, omi á máa sáré tú jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré níbi tí iṣan bá ti há. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, tí Robert Adams jẹ́ aṣáájú wọn, wá ronú pé bí àwọn bá lè wọn eré ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn á mọ ọmọ tí ewu ń bọ̀ wá bá kí ewu tó dé. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún ni wọ́n lò. Wọ́n kó ọmọ 130 jọ tí eré ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn ti tó sẹ̀ǹtímítà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn 63 lára déédéé, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn 67 yòókù bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn 67 yìí, rọpárọsẹ̀ kọlu 11. Nínú àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹyọ kan péré ni. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí pé kò tọ́ mọ́ láti fi oògùn tó ń ṣiṣẹ́ du àwọn ọmọ yòókù. Ọdún 1998 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Nílé wa lọ́hùn-ún, ta ló máa rí ẹ̀jẹ̀ fà sí ọmọ lára lóṣooṣù fún ọdún gbọọrọ? Ìdí nìyẹn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikeoluwa Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCH Ìbàdàn fi gbé oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ hydroxyurea yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ó ń dín eré ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ àwọn ọmọ náà kù. Ní ìhà Kano àti Kaduna, wọ́n fi ọmọ 220 wé ara wọn, àwọn kan ń gba ìwọ̀n kékeré, àwọn kan ń gba ìwọ̀n tó ju ìyẹn lọ. Àbájáde tó jáde ní 2022 kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín méjèèjì ní ti dídènà rọpárọsẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni bá yín rà á wá láti Lagos o. Oògùn yìí máa ń dín agbára ẹ̀jẹ̀ láti gbógun ti kòkòrò kù bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù, dókítà ló gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò bí ó bá ń lò ó.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Transcranial Doppler lẹ́tà máa pè é, tàbí TCD. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni fún ọmọ SS, láti ọmọ ọdún 2 dé ọdún 16. Abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀, wọn kì í gé irun, kò sì sí iná X-ray. Wọ́n á fi nǹkan tútù díẹ̀ pa ẹ̀bátí ọmọ, wọ́n á fi igi ẹ̀rọ náà lé e, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ bí ó ti ń lọ fùú, fùú. Ọmọ gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀, torí pé ẹkún àti oorun máa ń yí nọ́ńbà náà padà. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná lọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún wọn. Ẹ mú ìwé àwòrán tó fẹ́ràn dání.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nọ́ńbà. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí kò bá tó 170, títí di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Bí ó bá wà láàárín 170 sí 199, wọ́n á tún pè yín kí ọdún tó yí po. Bí ó bá tó 200, wọ́n á tún un wò láìpẹ́, bí ó bá sì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀ nípa fífa ẹ̀jẹ̀ sí i lára déédéé. Àwọn kan lè bọ́ sórí hydroxyurea nígbà tó bá yá, ìwádìí kan ní 2016 ti fìdí ìyẹn múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ènìyàn dá ẹ̀jẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ torí pé ọmọ ti dá ṣáká. Ìwádìí 2005 fi hàn pé bí wọ́n bá kàn dá a dúró, ewu náà máa ń padà wá bá púpọ̀ nínú wọn.

Nǹkan kan wà tí TCD kì í rí. Nínú ọmọ SS mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ní ojú ọgbẹ́ kéékèèké nínú ọpọlọ tí kò fi ẹnu wọ́ ẹnu, tí kò sì rọ ọwọ́. Ẹ̀rọ MRI nìkan ló lè fi í hàn. Ilé ẹ̀kọ́ ló ti máa ń yọjú: ọmọ tó mọ̀wé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, kò lè fọkàn sí nǹkan mọ́, wọ́n ní ó ya ọ̀lẹ. Kí ẹ tó na ọmọ SS torí ìwé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì sickle cell rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí i tí ẹnu wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí gìrì gbé e, tàbí tí orí fọ́ ọ lójijì ní ìfọ́ tí kò rí rí, 999 ni o. Kì í ṣe òróró, kì í ṣe kí a kọ́kọ́ pe pásítọ̀. Ẹ pe 999, kí ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ti ń dúró de wọn.

BÍ ỌMỌ TÀBÍ ÀGBÀ BÁ FẸ́ ṢE IṢẸ́ ABẸ

Gálì, bélúbélú, òkúta inú òróǹro: àwọn iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀ fún ẹni SS nìyẹn. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹnu àwọn dókítà kò kò lórí bóyá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ síni lára ṣáájú. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà ilẹ̀ yìí ṣáájú, tó jáde nínú ìwé Lancet ní 2013, ló là á. Ènìyàn 67 ló wà níbẹ̀. Nínú àwọn 33 tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, wàhálà bá 13 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn 34 tí wọ́n fà á sí, 5 ni. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni ìdààmú inú ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní acute chest syndrome, tí àyà á máa dunni, tí èémí kò sì ní tó. Mẹ́sàn-án ní ti àkọ́kọ́, ẹyọ kan ní ti èkejì.

Nítorí náà, bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá ti jáde, ẹ má rò pé ẹni tó máa ṣe é ti mọ̀ pé SS ni yín. Ìwé kì í fi gbogbo ìgbà dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, fún dókítà iṣẹ́ abẹ àti fún ẹni tó máa fún yín lóògùn oorun, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá dókítà ẹ̀jẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ síi yín lára ṣáájú. Bí ìgbàgbọ́ yín kò bá fàyè gba ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ, ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ẹ béèrè aago tó yẹ kí ẹ dáwọ́ omi mímu dúró, torí pé òùngbẹ máa ń mú ẹ̀jẹ̀ SS di dòjé. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí orúkọ yín wà lókè pátápátá lórí ìwé ọjọ́ náà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gbààwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Ọlọ́run yóò gbọ́ àdúrà ẹni tó mumi.

Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó ń mú ara yá kò le: kí ara wà ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́, kí omi tó, kí ìrora má pọ̀ débi tí ènìyàn kò ní lè mí kanlẹ̀, kí ó sì tètè dìde rìn. Wọ́n lè fún ọmọ ní ike kan tí bọ́ọ̀lù kéékèèké wà nínú rẹ̀, pé kó máa fa èémí kí bọ́ọ̀lù náà lè gbéra. Ó dà bí nǹkan ìṣeré, ṣùgbọ́n láti 1995 ni ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ rí i pé ó ń lò ó. Bí ìkọ́ tàbí ìrora àyà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ délé, ẹ padà lọ kíákíá. Bí ó bá jẹ́ pé ìrora sickle cell ló gbé yín lọ sí ọsibítù, ìlànà NICE láti 2012 ni pé kí oògùn ìrora dé láàárín ìṣẹ́jú 30. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán wọn létí.

Ibo ni ẹ̀jẹ̀ yìí ti ń wá? Lára wa ni. Irú ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ro, tó bá ọ̀pọ̀ ẹni SS mu jù. Ó lé ní ìdajì àwa ènìyàn dúdú tó ní in, nígbà tí kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 òyìnbó lọ. Láti 2024 ni NHS ti ń fi àyẹ̀wò jíìnì wá ẹ̀jẹ̀ tó bá ẹni sickle cell kọ̀ọ̀kan mu pẹ́kípẹ́kí, kí ara má baà kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín. Ẹni AS náà lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ó kàn ní láti sọ fún wọn ni.

Ọ̀RỌ̀ JÍÌNÌ, ÀTI ÌWÒSÀN TUNTUN

Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, àti Daniel Shriner kọ ọ́ ní 2018 pé ó jọ pé ara ẹnìkan ṣoṣo ni àyípadà S ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn ní Áfíríkà. Ohun tó jẹ́ kó tàn kálẹ̀ ni pé ibà kì í lè pa ọmọ AS bó ṣe ń pa ọmọ AA. Àwọn Yorùbá Ìbàdàn náà wà lára àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwòrán jíìnì àgbáyé tí wọ́n ń pè ní HapMap ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Orúkọ wa wà nínú ìwé wọn o.

Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni AS. Nínú ìkànìyàn 2021, ó lé ní ẹnìkan nínú márùn-ún ní Barking àti Dagenham tó kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ènìyàn dúdú. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ànfààní kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kọ̀ọ̀kan ni mo wí. Àwọn kan ń sọ pé "a ti bí SS kan, mẹ́ta tó kù ti bọ́." Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kì í rántí oyún tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gba èsì jínótáìpù ní ilé, ẹ tún un ṣe níbí, a ti rí AA tó di AS rí. Aboyún tó bá tètè lọ, kó tó pé ọ̀sẹ̀ 10, á rí àyè ronú. Ọmọ tuntun ń ṣe tirẹ̀ láti gìgísẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún.

Ní oṣù kọkànlá 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó fọwọ́ sí Casgevy, ìwòsàn tó ń gé jíìnì. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, NICE ní kí NHS máa fi í tọ́jú sickle cell. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọmọ inú oyún ní irú ẹ̀jẹ̀ kan tí kì í di dòjé, ìdí nìyẹn tí ìrora kì í fi í bá ìkókó SS ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìbí, jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A á pa á, bí ẹni pa iná. Àwọn dókítà á mú irúgbìn ẹ̀jẹ̀ tó ti inú mùdùnmúdùn eegun aláìsàn fúnra rẹ̀ wá, wọ́n á gé ibi tó ń jẹ́ kí jíìnì yẹn ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Nínú ènìyàn 29 tí wọ́n tọ́ sọ́nà pẹ́ tó nínú ìwádìí, 28 ló lo ó kéré tán ọdún kan gbáko láìsí ìrora ńlá.

Ó dára púpọ̀, kò sì rọrùn. Kí wọ́n tó dá a padà, oògùn líle bíi ti jẹjẹrẹ ló máa kọ́kọ́ pa mùdùnmúdùn àtijọ́, ènìyàn á sì wà ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn náà lè ba ọmọ bíbí jẹ́, nítorí náà ẹ béèrè nípa títọ́jú ẹyin tàbí àtọ̀ ṣáájú. Ọmọ ọdún 12 sókè ni wọ́n gbà, ẹni tí ìrora ńlá ń bá lemọ́lemọ́, tí kò sì ní ẹbí tí mùdùnmúdùn rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Wọ́n ń retí nǹkan bí ènìyàn 50 lọ́dún ní England, ní ọsibítù díẹ̀ ní London, Manchester àti Birmingham. Ẹni SC kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kì í gbọ́ dáadáa ni pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹni SS tó rí ìwòsàn yìí ṣì máa fún ọmọ rẹ̀ ní S, ó ṣì yẹ kó mọ jínótáìpù ẹni tó fẹ́ fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun máa bá yín gbà á pẹ̀lú owó, ẹ sá fún un. Dókítà ẹ̀jẹ̀ yín ni ọ̀nà kan ṣoṣo.

OWÓ ÀTI ÌWÉ ÌGBÉLÙÚ

Láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, kò sówó, wọn kò sì gbọdọ̀ lé yín torí pé ẹ kò ní ìwé ìgbélùú lọ́wọ́. Ìtọ́jú nínú A&E pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn, àmọ́ wọ́n lè béèrè owó lọ́wọ́ àwọn kan bí wọ́n bá dá wọn dúró ní wọ́ọ̀dù. Oògùn ọmọ tí kò tíì pé 16 jẹ́ ọ̀fẹ́, títí dé 18 bí ó bá ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní kíkún. Àgbàlagbà ló ń jìyà rẹ̀: láti 1968 tí wọ́n ti ṣètò àwọn àìsàn tí oògùn wọn jẹ́ ọ̀fẹ́, sickle cell kò sí níbẹ̀. Ẹ ra ìwé ọlọ́dún tí wọ́n ń pè ní prepayment certificate, ó dínwó ju kí ẹ máa san tẹ́ẹ̀nì-tẹ́ẹ̀nì. Tàbí kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù HC1. Bí owó tó ń wọlé bá kéré, ẹ ó gba HC2, á san owó oògùn, á sì dá owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù padà. HC2 kò sí lára ohun tí "no recourse to public funds" kà léèwọ̀. DLA ọmọ wà lára rẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ bá agbani-nímọ̀ràn ìwé ìgbélùú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó béèrè fún un.

Bí ọjọ́ TCD kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fóònù ṣáájú, ẹ ní kí wọ́n yí i padà. Ẹ ka orúkọ ọsibítù dáadáa: ó lè jẹ́ Queen's ní Romford, ó sì lè jẹ́ Royal London ní Whitechapel. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá yẹn fóònù láti orí tábìlì wa. Wọ́n fún un ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá jáde. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé pélébé kan, 184 ló wà lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí i ni wọ́n ní kó padà wá, ó sì ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì rẹ̀. Owó iná ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú.